Ta Ni Ó Ń Yan Àwọ̀ Òwú?

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kékeré kì í sábà wọ inú ìwé ìtàn. Àwọn òpìtàn a máa kọ nípa ogun, nípa oyè àti nípa òwò. Aṣọ ìnujú tí ọmọbìnrin kan fi òwú pupa ṣe ọnà sí etí rẹ̀ kì í jẹ wọ́n lógún. Síbẹ̀, ìbéèrè ńlá kan wà nínú aṣọ náà: ta ni ó yan pupa yẹn? Ṣé ẹni tí ó di abẹ́rẹ́ mú ni, àbí ọba, àbí oníṣòwò, àbí ẹni tí ó tẹ àpẹẹrẹ jáde ní ìlú òkèèrè? Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Soclogbo bá gba ìwé àpẹẹrẹ lónìí, tí nọ́ńbà àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ti wà níbẹ̀, ó yẹ kí ó mọ̀ pé ìbéèrè náà ti pẹ́, àti pé ìdáhùn rẹ̀ ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọ̀ inú oko àti inú igbó

Kí òwú ilé-iṣẹ́ tó dé, ilẹ̀ ni ó ń fún wa ní àwọ̀. Òwú funfun ń hù lóko. Títí di òní, ó wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Collines ń gbìn. Ewé ẹ̀lú ni àwọn aláró fi ń pa òwú láró, láti orí èyí tí ó dà bí ojú ọ̀run òwúrọ̀ títí dé orí èyí tí ó dúdú kirikiri, gẹ́gẹ́ bí iye ìgbà tí wọ́n bá rì í sínú ìkòkò. Igi osùn ń fúnni ní pupa, poroporo ọkà bàbà náà ń fúnni ní pupa tirẹ̀. Ní ti sányán, inú ìtẹ́ kòkòrò igbó ni wọ́n ti ń ran okùn rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti iyanrìn.

Ẹ wo agbádá sányán àtijọ́ dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, òwú tí oníṣẹ́ ọnà fi ṣe iṣẹ́ sí àyà rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí àwọ̀ aṣọ náà. Ẹni tí ó dúró lókèèrè yóò rí aṣọ. Ẹni tí ó bá súnmọ́ ọn ni yóò rí ọnà. Àwọn àgbà sọ pé aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, ṣùgbọ́n irú aṣọ yìí kì í dá gbogbo ènìyàn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Fífi àwọ̀ tí ó jọra sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ yíyàn, gẹ́gẹ́ bí fífi èyí tí ó yàtọ̀ síra ṣe jẹ́ yíyàn.

Pupa tí ó la aginjù kọjá

Orúkọ àlàárì fúnra rẹ̀ ń sọ ọ̀nà tí ó gbà wá. Àwọn Lárúbáwá ń pe sílíkì ní al-harir, àwọn Haúsá sọ ọ́ di alharini, àwa sì sọ ọ́ di àlàárì. Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ọmọ Jámánì, wà ní Kano ní 1851, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé sílíkì láti Tripoli wà lára ọjà tí ràkúnmí ń rù la aginjù Sàhárà kọjá. Láti ilẹ̀ Haúsá ni irú sílíkì bẹ́ẹ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Yorùbá.

Ohun tí ó bá rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò lè pọ̀, owó rẹ̀ kò sì lè kéré. Nítorí náà, ẹni tí kò lè fi àlàárì hun odindi aṣọ a máa fi í fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàrin aró. Àlejò ni àwọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ahunṣọ ni ó pinnu ibi tí àlejò yóò jókòó sí.

Nígbà tí ọba ń yàn

Kò sí ibi tí agbára yíyàn yìí ti hàn ju Abomey lọ, ní gúúsù wa, ní ìlú àwọn ọba tí ogun wọn sọ àwọn òkè Ìdáàṣà di ibi ìsádi fún àwọn baba ńlá wa. Níbẹ̀, àwọn aránṣọ ọba, tí orúkọ ìdílé Yèmadjè lókìkí jù láàrin wọn, a máa gé aṣọ aláwọ̀ ní àwòrán ẹranko àti ohun ìjà, wọn a sì fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ orí aṣọ mìíràn. Ẹfọ̀n dúró fún Guézo, kìnnìún dúró fún Glèlè, ẹja ekurá dúró fún Béhanzin. Ọba nìkan ni ó ní àṣẹ láti ní kí wọ́n ṣe irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Dodds wọ Abomey; ní oṣù kìíní 1894, Béhanzin fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà, aṣọ ọba di ọjà tí àlejò lè rà. Àṣẹ kúrò lọ́wọ́ ọba, ṣùgbọ́n kò bọ́ sọ́wọ́ aránṣọ pátápátá: oníbàárà náà ní ohun tí ojú rẹ̀ ń fẹ́.

Nígbà tí àwọ̀ di nọ́ńbà

Ní àkókò kan náà, àwọ̀ ń yí padà ní Yúróòpù. Ní 1844, John Mercer rí i pé òwú tí a bá rì sínú sódà líle ń gba àwọ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 1856, William Perkin, ọmọ ọdún 18, fa àwọ̀ elésè-àlùkò yọ láti inú ọ̀dà èédú. Ní 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí kò ti inú ewé wá. Nígbà tí ó ṣe, aró náà dé inú ìkòkò àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta.

Ilé-iṣẹ́ DMC ní Mulhouse, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1746 kí ìlú náà tó di ti Faransé, sọ òwú iṣẹ́ ọnà di ohun tí a ń fi nọ́ńbà rà. Thérèse de Dillmont bá wọn ṣiṣẹ́, ìwé ńlá rẹ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin jáde ní 1886, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè púpọ̀. Lónìí, 310 ni dúdú, 321 ni pupa, níbikíbi tí a bá ti rà á. Àǹfààní rẹ̀ kò kéré: bí òwú bá tán lọ́wọ́ ẹni, a ó rí irú rẹ̀ gan-an rà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń tẹ̀lé nọ́ńbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti fi ojú ẹlòmíràn ṣe ojú ara rẹ̀.

Ìdílé mẹ́ta

Àwọn kan a máa sọ pé èdè wa tálákà, pé kò ní ju funfun, pupa àti dúdú lọ. Wọn kò wò ó dáadáa. Ìdílé ni àwọn mẹ́ta wọ̀nyí. Nínú ìdílé pupa ni epo, ìyeyè àti ọsàn tí ó pọ́n wà. Nínú ìdílé dúdú ni aró, ewé tútù àti èédú wà. Nínú ìdílé funfun ni ẹfun, òwú àti eérú wà. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ yékéyéké, a ó dárúkọ ohun tí ó jọ: àwọ̀ ewé, àwọ̀ epo, àwọ̀ eérú. Àwọn olórìṣà mọ ètò yìí: funfun ni ti Ọbàtálá, pupa pẹ̀lú funfun ni ti Ṣàngó, ìlẹ̀kẹ̀ Ifá sì so àwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ àwọ̀ ìyeyè.

Ètò yìí wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ yan àwọ̀ fún iṣẹ́ kékeré, ìbáà jẹ́ àpò owó tàbí aṣọ ìnujú. Kí ó kọ́kọ́ mọ ìdílé tí ilẹ̀ aṣọ rẹ̀ ti wá. Kí ó mú àwọ̀ tí yóò sọ̀rọ̀ jù láti inú ìdílé kejì. Kí ó mú díẹ̀ láti inú ìdílé kẹta, ní ìwọ̀n iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Kí ó tẹ́ àwọn òwú náà sórí aṣọ ní ìta gbangba, kì í ṣe lábẹ́ iná, nítorí pé aró àti ewé a máa jọ ara wọn nínú òkùnkùn. Bí ó bá fẹ́ kí ọnà náà fara sin bí ti sányán, kí ó mú méjì nínú ìdílé kan náà. Àwọn òkè wa pàápàá jẹ́ àpẹẹrẹ: ilẹ̀ pupa nísàlẹ̀, ewé láàrin, òkúta aláwọ̀ eérú lókè.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni ju ìwé àpẹẹrẹ nù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ àwọ̀ ní èdè wa sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì yí ó kéré tán ọ̀kan padà sí èyí tí ó yàn fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá bi í pé kí ni ó dé tí ó fi yan àwọ̀ yẹn, yóò ní ìdáhùn. Aṣọ tí olùṣe rẹ̀ lè dáhùn fún ni àwọn òpìtàn ọ̀la yóò lè kà.