Ajílẹ̀, Òǹgbẹ àti Pápá Oníkoríko ní Erékùṣù Èkó

Nínú ìtàn Erékùṣù Èkó tí a ti kọ sílẹ̀, ọba, ogun àti òwò ni ó gba ipò iwájú. Koríko kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, orí koríko ni ọ̀pọ̀ ohun ńlá ìlú náà ti wáyé. Ní ọdún 1859, Ọba Dòsùmú yọ̀ǹda ilẹ̀ kan fún àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ náà di pápá ìsáré ẹṣin, ibẹ̀ ni a sì ti fa àsíá òmìnira sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí gbé dání kéré lójú: kí ni ó ń mú irú koríko bẹ́ẹ̀ la ẹ̀ẹ̀rùn já, ṣé ajílẹ̀ ni àbí omi?

Ilẹ̀ oníyanrìn ni ilẹ̀ erékùṣù náà. Omi kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, òjò kì í pọ̀. Koríko tí a ń pè ní Bahama, tí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ń jẹ́ Cynodon dactylon, mọ bí a ṣe ń fara dà á. Gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ ju mítà kan lọ. Bí ọ̀dá bá mú, yóò jẹ́ kí ewé gbẹ, yóò sì tọ́jú oúnjẹ tí ó kó pamọ́ sínú ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ de òjò. Ẹni tí ó bá rí i ní oṣù kejì lè rò pé ó ti kú. Sísùn ni ó sùn.

Nígbà tí ẹṣin ń sáré níbẹ̀, ìgbẹ́ wọn kò lè ṣàì bọ́ ilẹ̀ náà, díẹ̀díẹ̀ sì ni ìgbẹ́ ẹran ń tú nàìtírójìn sílẹ̀. Ajílẹ̀ ìgbàlódé yàtọ̀. Ní ọdún 1909 ni Fritz Haber, ará Jámánì, fi hàn pé a lè fa nàìtírójìn inú afẹ́fẹ́ ṣe ammonia. Ní ọdún 1913 ilé-iṣẹ́ Oppau bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Nínú ìwọ̀n 100 yúríà, 46 ni nàìtírójìn. Òun ni ó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, koríko yóò ná oúnjẹ rẹ̀ tán sórí ewé, gbòǹgbò kò ní jinlẹ̀, ewé yóò rọ̀, omi tí ó ń ti ara rẹ̀ jáde sínú afẹ́fẹ́ yóò sì pọ̀ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o: koríko tí kò rí nàìtírójìn tó náà a máa pọ́n, kì í sì tètè padà bọ̀ sípò bí òjò bá dé. Ìwọ̀n àti àkókò ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó da yúríà sí pápá ní oṣù kọkànlá gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún koríko lásìkò tí kò sí omi tí yóò fi gbé e mì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Ìsàlẹ̀ Èkó nìyí. Pápá tí a bọ́ ní àbọ́jù gbọ́dọ̀ mu omi, omi ẹ̀rọ kò sì rọrùn nínú ìtàn Èkó. Ní ọdún 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ owó omi ń gbóná. Omi Ìjú dé ní ọdún 1915. Ní ọdún 1916 ìlú tún fárígá, èdè-àìyédè sì ṣẹlẹ̀ láàárín ìjọba àti Ẹlẹ́kòó Èṣùgbàyí. Àwọn tí ó ta ko owó náà ní kànga àwọn tó àwọn, pé torí òyìnbó ni a ṣe fẹ́ fa omi wá. A kò sọ pé koríko ni ó fa ìjà náà. Ṣùgbọ́n níbi tí owó omi ti da ìlú rú, ajílẹ̀ tí ń dá kún òǹgbẹ pápá kì í ṣe ọ̀rọ̀ olùtọ́jú ọgbà nìkan.

Pápá ẹṣin di Tafawa Balewa Square ní ọdún 1972; orí kọnkéré ni ọ̀wọ́ Ẹyọ̀ tí ó ti Ìga Ìdúngànràn wá ń gúnlẹ̀ sí. Ní Oníkan, pápá tí a sọ ní King George V ní ọdún 1936 di Mobolaji Johnson Arena ní ọdún 2019, koríko oníke sì ti rọ́pò ti àtijọ́. Oníke kò fẹ́ yúríà, kò mọ ọ̀dá. Àmọ́ oòrùn ọ̀sán a máa mú un gbóná ju koríko tòótọ́ lọ, tí ó fi jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé, omi náà ni wọ́n tún ń wọ́n sí i kí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù má baà jó.