Jẹjẹrẹ, Ìdárayá àti Àáró Àwọn Olùtọ́jú

Bí obìnrin kan ní Ìjàrà-Ìsin bá ti Ìlọrin dé lẹ́yìn tí àwọn oníṣẹ́-abẹ ti gé kókó jẹjẹrẹ kúrò ní ọmú rẹ̀, ohun tí àwọn ará ilé yóò kọ́kọ́ ṣe ni pé wọn yóò gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò yóò gba ọmọ odó. Aya ọmọ yóò gba korobá omi. “Ẹ jókòó, Ìyá, iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ yín,” ni wọn yóò máa wí. Ìfẹ́ ni ó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Kò sì yẹ kí a dá wọn lẹ́bi, nítorí pé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ìmọ̀ràn kan náà ni àwọn oníṣègùn àgbáyé ń fún aláìsàn. Báwo ni ìmọ̀ràn náà ṣe wá yí padà?

Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí Ilé Ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1960, àwọn onímọ̀ nípa àyẹ̀wò àrùn níbẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n G. M. Edington jẹ́ aṣáájú fún, dá ìwé àkọsílẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí a bá jẹjẹrẹ lára wọn ní ìlú náà. Ní 1965, Edington àti Maclean tẹ àbájáde ọdún 1960 sí 1963 jáde. Iṣẹ́ náà fi hàn gbangba pé jẹjẹrẹ kì í ṣe àrùn òyìnbó nìkan. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́-abẹ ni yóò gé ẹran ara, ẹlòmíràn ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, akọ̀wé ni yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn tún wà tí ìtàn wọn ń lọ lọ́tọ̀. Ní 1945, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń parí lọ, ìtọ́jú físíò bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Igbóbì ní Èkó, fún àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà títí dé ìpele oyè. Iṣẹ́ àwọn oní-físíò ni láti mú kí ẹsẹ̀ tí ó gan tún máa rìn, kí apá tí ó rọ tún lè gbé nǹkan. Ṣùgbọ́n ní àsìkò náà, ibùsùn ni ayé fi ń ṣe ìtọ́jú àárẹ̀ ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ.

Ní Amẹ́ríkà ni àwọn nọ́ọ̀sì kan ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ọ̀ràn yìí gidi. Ní 1989, MacVicar àti Winningham pẹ̀lú ẹnì kejì wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin tí wọ́n ń gba oògùn líle nítorí jẹjẹrẹ ọmú. Àwọn tí wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́ adúró-sójú-kan nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ lágbára ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀ pẹ́, iṣan rẹ̀ yóò máa jóró, ọkàn rẹ̀ yóò máa ṣe ọ̀lẹ. Àárẹ̀ a bí ìjókòó, ìjókòó náà a sì tún bí àárẹ̀.

Ní 2025, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009 jáde. Àwọn 889 tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́-abẹ, tí wọ́n sì ti gba oògùn nítorí jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ni ó kó jọ, púpọ̀ nínú wọn ní Kánádà àti Ọsirélíà. Apá kan gba ìwé ìlànà nípa ìlera lásán. Apá kejì gba ìwé náà, wọ́n sì tún ní olùtọ́sọ́nà tí ó ń bá wọn ṣe ìdárayá fún ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, nǹkan bí 90 nínú 100 ni ó wà láàyè nínú àwọn tí ó ní olùtọ́sọ́nà. Nǹkan bí 83 ni nínú àwọn tí ó gba ìwé nìkan. Ìwé nìkan kò gbé ènìyàn dìde. Ẹni tí ó bá ni rìn ni ó ń gbé ni dìde.

Síbẹ̀, ìdárayá kò rọ́pò abẹ tàbí oògùn, kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ojú bù. Bí àrùn bá ti wọ egungun, ẹrù wúwo lè ṣẹ́ ẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ìrìn líle lè dá ènìyàn wó. Ta ni ó mọ ipò egungun? Ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀. Ta ni ó mọ ti ẹ̀jẹ̀? Ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà ni ó mọ oògùn tí ń ni ọkàn lára. Oní-físíò ni ó mọ ìwọ̀n ìrìn. Nọ́ọ̀sì ni ó mọ ohun tí aláìsàn kò lè sọ fún dókítà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní 1995, ìjábọ̀ Calman àti Hine ní Ìlú Ọba dá a lábàá pé kí àwọn onímọ̀ oríṣiríṣi máa jùmọ̀ tọ́jú aláìsàn jẹjẹrẹ. Ní ọdún yẹn kan náà, Glasgow bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ fún jẹjẹrẹ ọmú. Ṣáájú ètò náà, ikú láti ọwọ́ àrùn yìí fi ìdá 11 nínú 100 ga ju ti àwọn àdúgbò tí ó wà nítòsí. Lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìdá 18 kéré sí tiwọn.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Glasgow kò ṣàjèjì sí Ìgbómìnà. Àwọn baba ńlá wa pè é ní àáró: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, kò sì sí ẹni tí ó dá nìkan kọ ebè tán. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ti wà ní Ìlọrin láti 1980, ṣùgbọ́n Ìlọrin kò sí lẹ́yìnkùlé Ìjàrà. Nítorí náà, kí àáró má ṣe parí sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ó yẹ kí aláìsàn bá ìwé oní-físíò wá sílé, kí nọ́ọ̀sì ìlú rẹ̀ lè kà á, kí ọmọ rẹ̀ sì lè bá a rìn dé orí oko. Àwọn olùkọ́ ni ó lè là á yé àwọn òbí pé ìsinmi àsìnjù kì í ṣe ìtọ́jú.

Kí wọ́n má tíì dá ọmọ odó padà fún Ìyá náà títí apá rẹ̀ yóò fi yá, kí olùtọ́jú sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ní ó tó àkókò, kí wọ́n dá ìgbálẹ̀ rẹ̀ padà fún un.