Ta Ni Ìránṣẹ́ Tó Jìyà Nínú Ìwé Aísáyà?

Ikú ẹ̀sín ni ikú orí àgbélébùú láyé ìjọba Róòmù. Ẹrú àti ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kàn mọ́ ọn, ní gbangba, kí ẹ̀rù lè ba àwọn tó kù. Lójú àwọn Júù, ọ̀rọ̀ náà tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé Òfin Mósè nínú Diutarónómì orí 21 sọ pé ẹni tí wọ́n bá gbé kọ́ sórí igi wà lábẹ́ ègún Ọlọ́run. Mèsáyà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń retí, ọba ìdílé Dáfídì ni, tí yóò gba àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì. Báwo wá ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù ṣe fẹ́ dúró ní Jerúsálẹ́mù, kí wọ́n ní ẹni tí Pílátù pa yẹn ni Mèsáyà?

Ohun tí ojú wọn rí ló rán wọn padà sínú ìwé àwọn baba wọn. Wọ́n rí Sáàmù 22, níbi tí àwọn ọ̀tá ti ń ṣẹ́ kèké lórí aṣọ ẹni tí ìyà ń jẹ. Wọ́n rí Sekaráyà orí 12, tó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí wọ́n gún lọ́kọ̀ tí wọ́n sì ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fìdí kalẹ̀ sí jù lọ ni orin kan nínú ìwé Aísáyà, láti orí 52 ẹsẹ 13 títí dé òpin orí 53. Ìránṣẹ́ kan ló wà níbẹ̀ tí kò lẹ́wà, tí àwọn èèyàn kórìíra, tó ru àìsàn àwọn ẹlòmíràn, tí kò lanu bí wọ́n ti ń fà á lọ síbi tí wọ́n máa pa á sí. Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run gbé e ga.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìgbà ìgbèkùn ní Bábílónì ni apá ìwé yìí ti wá, lẹ́yìn tí ogun Nebukadinésárì fọ́ Jerúsálẹ́mù ní nǹkan bí ọdún 586 ṣáájú ìbí Jésù. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Bernhard Duhm, ló ya orin mẹ́rin nípa ìránṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ lọ́dún 1892. Èyí tí à ń sọ yìí ni ìkẹrin wọn.

Ìwé Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 8 fi bí ìkàwé náà ṣe rí hàn wá. Ìwẹ̀fà ará Etiópíà kan, olùtọ́jú ìṣúra Kandakè ayaba, ń darí bọ̀ láti Jerúsálẹ́mù. Ó jókòó nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ lójú ọ̀nà Gásà, ó ń ka Aísáyà sókè. Fílípì, ọ̀kan lára àwọn Kristẹni àkọ́kọ́, sáré bá a, ó sì gbọ́ ohun tó ń kà: ibi tí wọ́n ti fi ìránṣẹ́ náà wé àgùntàn ni. Ìwẹ̀fà béèrè bóyá ara rẹ̀ ni wòlíì ń sọ ni, àbí ẹlòmíràn. Fílípì sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Jésù fún un. Gbogbo àríyànjiyàn tó ti wáyé láti ìgbà náà, orí ìbéèrè ìwẹ̀fà yìí ló dúró lé.

Síbẹ̀, àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ kò ka orin náà lọ́nà kan ṣoṣo. Ìwòsàn àwọn aláìsàn ni Mátíù tọ́ka sí ní orí 8. Ẹrú tí ọ̀gá ń nà láìṣẹ̀ ni Ìwé Kìíní Pétérù ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tó fa orin náà yọ, ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Jésù náà ti jẹ irú ìyà yẹn rí. Nínú gbogbo rẹ̀, eléyìí ló wọni lákínyẹmí ara jù.

Ní nǹkan bí ọdún 160, Justin Ajẹ́rìíkú kọ ìwé àríyànjiyàn láàárín òun àti Júù kan tó pè ní Trypho, ó sì kó orin náà sínú rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Nínú ìwé náà, Trypho gbà pé Ìwé Mímọ́ sọ pé Mèsáyà yóò jìyà. Ikú ègún orí igi ni kò lè gbà. Ní nǹkan bí ọdún 248, Origen, ọ̀mọ̀wé Kristẹni, kọ̀wé pé àwọn Júù kan sọ fún òun pé gbogbo orílẹ̀-èdè wọn tó fọ́n káàkiri ni ìránṣẹ́ náà.

Ìtumọ̀ yìí ni Rashi, àgbà ọ̀mọ̀wé Júù ti ìlú Troyes ní ilẹ̀ Faransé, tẹ̀ lé: àwọn orílẹ̀-èdè ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń jẹ́wọ́ pé Ísírẹ́lì ló jìyà nítorí àwọn. Ó ti kàwé ní Mainz àti Worms nígbà èwe rẹ̀. Lọ́dún 1096, àwọn ológun Àgbélébùú pa àwọn Júù ní ìlú méjèèjì yìí nípakúpa. Ó ṣòro láti ka àlàyé Rashi láì rántí òkú wọn.

Lọ́dún 1263, ọ̀rọ̀ náà dé ààfin. Ọba James Kìíní ti Aragon pe Rábì Nahmanides wá sí Barcelona láti bá Pablo Christiani, Júù tó ti di Kristẹni, jiyàn. Pablo fa Aísáyà 53 yọ. Nahmanides dáhùn pé Ísírẹ́lì ni ìtumọ̀ rẹ̀ gangan. Ó gbà pé àwọn àgbà Júù kan ti sọ pé Mèsáyà ni, àmọ́ ó ní wọn kò sọ níbì kan pé ọ̀tá yóò pa á. Ọba fún un lówó fún bó ṣe sọ̀rọ̀ dáadáa. Síbẹ̀, àwọn àlùfáà kò jẹ́ kó gbádùn lẹ́yìn tó kọ ìtàn àríyànjiyàn náà sílẹ̀, ó sì kú sí ìdálẹ̀.

Nígbà tí àwọn darandaran rí ìwé kíká àtijọ́ nínú ihò àpáta ní Qumran, lẹ́bàá Òkun Iyọ̀, ní nǹkan bí ọdún 1947, odidi ìwé Aísáyà wà lára wọn, ó gùn ju mítà méje lọ. Wọ́n ti kọ ọ́ ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bí Jésù. Orin náà wà nínú rẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ti òde òní kò sì tó nǹkan. Kristẹni kò fi kún un, Júù kò yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ìjọ púpọ̀ ṣì ń ka orin náà lọ́jọ́ Ẹtì tí wọ́n fi ń rántí ikú Jésù. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ láti orí 53, torí àwọn tó pín Bíbélì sí orí-orí ní nǹkan bí ọdún 1200 ló gé orin náà sí méjì. Kó bẹ̀rẹ̀ láti 52:13. Lẹ́yìn náà, kó ṣí orí 49. Ní ẹsẹ 3, Ísírẹ́lì ni wòlíì pe ìránṣẹ́ náà. Ní ẹsẹ 5 àti 6, wọ́n rán ìránṣẹ́ kan náà láti mú Ísírẹ́lì padà wá. Ẹ̀rí ìhà méjèèjì wà nínú ẹsẹ mẹ́ta yẹn.