Ìdí tí epo pupa fi ń ṣá nínú oòrùn

Ní Ìrẹ̀lẹ̀ àti káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹ máa ń rí epo pupa nínú ìgò àti ike tó mọ́ gaara lẹ́bàá títì, tí oòrùn ń pa á. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, epo náà á ṣá. Kí ló fà á?

Carotene ló ń mú kí epo pupa. Ẹyọ rẹ̀ kan ní átọ̀mù kábọ̀n 40 àti háídrójìn 56, tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn jẹ́ ìtànṣán tó ní agbára. Tó bá ba ẹ̀wọ̀n yìí, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á ráyè wọlé, ẹ̀wọ̀n á já sí wẹ́wẹ́, àwọ̀ pupa á lọ.

Kì í ṣe àwọ̀ nìkan là ń pàdánù o. Inú carotene ni ara wa ti ń ṣe fítámì A, tí ojú fi ń ríran dáadáa, pàápàá lálẹ́.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ta epo, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, nínú kẹ́ẹ̀gì tó ṣókùnkùn, kẹ́ ẹ dé e pa. Tí oníbàárà bá fẹ́ wo àwọ̀ rẹ̀, ìgò kékeré kan ti tó.