Ta Ló Ni Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù?

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá méjì ló fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé: Shooting Stars àti Leventis United. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù lónìí. Èyí tí kò sí mọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe aláìní. Leventis dé àṣekágbá ìdíje Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà ní 1985, kí Al Ahly ti Íjíbítì tó borí rẹ̀. Ní 1986, ó gba ife líìgì Nàìjíríà, ó sì gba Challenge Cup pẹ̀lú. Ní 1987, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò tó ni ín tú u ká. Ìpinnu kan péré, ohun gbogbo parí.

Ilé-iṣẹ́ ló bí Shooting Stars náà. WNDC, àjọ ìdàgbàsókè tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀, ni ó kọ́kọ́ ń bọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó di ti IICC, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń yá àwọn iléeṣẹ́ lówó. Nígbà tí líìgì gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní 1972, Mighty Jets ti ìlú Jos ló kọ́kọ́ gbà á. Ní 1976, ó kan Ìbàdàn: Shooting Stars gba líìgì, ó sì gba Cup Winners' Cup, ó di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbé ife Áfíríkà wálé. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Múdà Láwàl, tí wọ́n jẹ góólù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Nàìjíríà fi borí Àlùjẹ́ríà nínú àṣekágbá 1980, agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ni wọ́n.

Orúkọ yí padà, ọwọ́ tó ń náwó yí padà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò kú. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn ti sọ ọ́ di tiwọn kí àwọn olówó tó yí padà. Àgbẹ̀ tó ń gbọ́ rédíò ní Olódò tàbí Lálùpọn kò mọ ìtumọ̀ IICC. “Ṣútìn” ni òun ń pè é. Ìjọba tó bá tú u ká yóò gbọ́ ariwo láti ọjà dé oko.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Ìbàdàn. Ní Mẹ́síkò, níbi tí líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ti bẹ̀rẹ̀ ní 1943, ilé-iṣẹ́ ló ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Televisa ló ni América fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní 2003, wọ́n gbé Necaxa kúrò ní olú-ìlú lọ sí Aguascalientes. Ní 2020, wọ́n kó ẹgbẹ́ Morelia lọ sí Mazatlán, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní Morelia jí lọ́jọ́ kan, wọn kò rí ẹgbẹ́ wọn mọ́.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé àpò ìjọba ni ààbò. Lẹ́yìn tí Nàìjíríà sọ líìgì rẹ̀ di ti àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ ní 1990, Shooting Stars gba CAF Cup àkọ́kọ́ ní 1992, ó sì gba líìgì ní 1995 àti 1998. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dá dé: ní 2017, ó já sí ìpele kejì, kò sì padà sókè títí di 2021.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ nìkan, ìwé ìṣirò owó lè pa á. Èyí tí ó jẹ́ ti ìjọba nìkan, ebi lè pa á. Àwọn tí ìfẹ́ wọn gbà á lọ́wọ́ ikú kò tíì ní àga níbi tí a ti ń pinnu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ará Olódò bá lè ra ìpín kékeré nínú Ṣútìn, kí ó sì dìbò yan ẹni tí yóò darí rẹ̀, ariwo rẹ̀ yóò di àṣẹ.