Ta Ló Ń Sanwó Ìdáhùn Yín?

Ìbéèrè kan ló pọ̀ jù nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yín lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí: àwọn tó ní kéèyàn dáhùn ìbéèrè lórí fóònù kó sì gbowó, ṣé òótọ́ ni àbí jìbìtì? Èsì mi ni pé òótọ́ wà níbẹ̀, jìbìtì náà sì wà níbẹ̀. Ìtàn ló máa jẹ́ ká dá wọn mọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà, nígbà tí kò tíì sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ọdún 1936, Franklin Roosevelt àti Alf Landon ń du ipò ààrẹ. Ìwé ìròyìn Literary Digest fi káàdì ìbéèrè ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 èèyàn. Èyí tó padà wá lé ní mílíọ̀nù 2. Wọ́n kà á, wọ́n ní Landon ló máa wọlé. Nígbà tí ìbò dé, Roosevelt ló gbégbá orókè ní ìpínlẹ̀ 46 nínú 48.

Kí ló fà á? Inú ìwé orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àtàwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti ṣa ọ̀pọ̀ èèyàn wọn, lásìkò tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Tálákà ò pọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ tó gba káàdì náà ò sì dá a padà. George Gallup, tó dá iléeṣẹ́ ìwádìí tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1935, bi èèyàn tó kéré sí i gan-an, àmọ́ ó rí i dájú pé olówó wà níbẹ̀, tálákà wà níbẹ̀, ará ìlú ńlá àti ará oko náà wà níbẹ̀. Ó ní Roosevelt ló máa wọlé, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Irú ẹni tó dáhùn ṣe pàtàkì ju iye èèyàn tó dáhùn lọ.

Ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ń fowó rà títí dòní nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ ṣe ọṣẹ tuntun fẹ́ mọ èrò ìyálé ilé kó tó náwó sórí ẹ̀. Á sanwó fún oníwàádìí, oníwàádìí á wá fún ẹni tó dáhùn ní ohun díẹ̀ láti fi dúpẹ́. Iléeṣẹ́ Nielsen, tó bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní 1923, máa ń fi owó díẹ̀ sínú àpòòwé tẹ́lẹ̀ rí tó bá ń fi ìwé ránṣẹ́ sáwọn ìdílé pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n wò lórí tẹlifíṣọ̀n sí i.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, òwò yẹn náà ló bọ́ sórí fóònù. Amazon gbé Mechanical Turk jáde ní 2005. Google gbé Opinion Rewards jáde ní 2013, ohun téèyàn sì ń rí gbà níbẹ̀ lórí Android ni owó tó ṣeé ná ní Google Play. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 fi hàn pé ìdajì àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Mechanical Turk kì í rí ju nǹkan bíi dọ́là 2 ní wákàtí kan. Ojúlówó rèé o: owó kékeré ni.

Ó máa ń bí ọ̀pọ̀ wa nínú tí wọ́n bá ní a ò kúnjú ìwọ̀n lẹ́yìn ìbéèrè márùn-ún. Ọ̀rọ̀ 1936 ló ń jà níbẹ̀: irú ẹni tí wọ́n ń wá kọ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń fi VPN ṣe bíi pé Texas ni wọ́n wà, nígbà tó jẹ́ pé Mushin ni wọ́n jókòó sí. Ṣe ló dà bí ẹni tó bu omi sínú epo pupa, tó tún ní kí oníbàárà sanwó epo. Tí àṣírí bá tú, wọ́n á ti àkáǹtì pa, owó inú ẹ̀ á sì bá a lọ. Ó dùn mí pé iṣẹ́ tó ń wá èrò ará Nàìjíríà ò pọ̀, àmọ́ irọ́ ò lè sọ ọ́ di púpọ̀.

Jìbìtì ńkọ́? Ẹ wo ibi tí owó ń gbà. Láti ìgbà Nielsen, ọwọ́ iléeṣẹ́ lowó ti ń wá sọ́dọ̀ ẹni tó dáhùn. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ mú èèyàn méjì wá kẹ́ ẹ tó gbowó yín, kò sẹ́ni tó ń ra ìdáhùn yín. Owó yín gan-an ni ọjà. A mọ ìtàn yẹn nílé: MMM ti Sergei Mavrodi, tó ti fọ́ mọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà lórí ní 1994, ti owó àwọn èèyàn wa pa ní December 2016, nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ bíi méjì.

Torí náà, ẹ dáhùn ìbéèrè tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ fi owó ẹ̀ ra dátà. Ẹ má fi san owó ilé. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní PIN yín. Kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ bi ara yín pé: ta ló ń sanwó yìí, kí ló sì ń rà? Tẹ́ ò bá rí èsì, ẹ pa fóònù dé.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.