Ìjà Ẹrù, Ìjà Àga: Èsì sí Àwọn Tó Ní Ogun Gẹ̀rílà Ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹjà àti Agége

Ìfáárà

Èrò kan ti ń gbilẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ìtàn òṣìṣẹ́ nílẹ̀ wa, pé ogun gẹ̀rílà àwọn ọmọlẹ́yìn Marx bẹ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà láàárín 1968 sí 1971. Ẹni tó tẹnu mọ́ ọn jù nínú wọn, tí n kò ní dárúkọ nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ dá lóhùn, ní Àgbẹ́kọ̀yà, ìjà tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn jà lórí owó orí, ni apá ogun náà tó wà lóko, ìyanṣẹ́lódì oṣù kìíní 1971 ní Ìkẹjà àti Agége sì ni apá tó wà nígboro. Ó ní orísun kan náà ni wọ́n ní, olórí kan náà ló ń darí wọn, ìwà ipá wọn sì jọra. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì gbé àwọn tálákà tí ìwé ìtàn kì í sábà kà sí gẹ̀gẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò gbè é.

Ohun tí Marx fi kọ́ni, ohun tí gẹ̀rílà jẹ́, bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, àwọn òǹkàwé wa mọ gbogbo rẹ̀. N kò ní dúró lórí wọn.

Orísun

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ogun gẹ̀rílà tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Ní Kamẹrúùnù tó múlé gbè wá, inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni Ruben Um Nyobè ti jáde wá ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú UPC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Douala ní 1948. Ìjọba Faransé fòfin de ẹgbẹ́ náà ní 1955, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọgbó, wọ́n sì pa Um Nyobè sínú igbó lọ́jọ́ 13 oṣù kẹsàn-án 1958. Wọ́n fún Félix Moumié, aṣáájú UPC mìíràn, ní májèlé jẹ ní Geneva ní 1960. Ernest Ouandié ló gbé ogun náà ró títí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́ ní 1970. Wọ́n yìnbọn pa á ní gbangba ní Bafoussam lọ́jọ́ 15 oṣù kìíní 1971, nínú oṣù kan náà tí àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà da iṣẹ́ sílẹ̀. Ní Guinea-Bissau, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Pijiguiti ló yanṣẹ́ lódì lọ́jọ́ 3 oṣù kẹjọ 1959. Wọ́n yìnbọn lù wọ́n, nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn sì kú. Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ Amílcar Cabral pinnu pé ìyanṣẹ́lódì nígboro kò lè lé àwọn Potogí lọ. Wọ́n lọ sí abúlé, wọ́n múra sílẹ̀, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1963.

Àgbẹ́kọ̀yà kò gba ọ̀nà yìí. Láti ìparí àwọn ọdún 1940, nígbà tí ìjọba ń gé igi kòkó tó ní àrùn lulẹ̀, ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn ti mọ bí a ṣe ń kó ara jọ láti kọ̀ fún ìjọba. Nígbà tó di 1968, owó tí wọ́n ń rí lórí kòkó kò tó nǹkan, owó orí £3 5s wà lọ́rùn wọn, ogun Biafra sì ti mú kí ìjọba máa wá owó kiri. Akódà ń lépa wọn wọnú oko, wolé-wolé ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ìyàwó wọn lórí ìkòkò omi. Ẹni tó bá ka ẹ̀sùn tí wọ́n gbé wá síwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Ayọ̀ọlá á rí i pé ọ̀rọ̀ owó orí, kòkó, ọ̀nà oko àti ìwà àwọn òṣìṣẹ́ kánsù ló kún inú rẹ̀.

Ti Ìkẹjà ńkọ́? Níbí ni alátakò mi ti ní ẹsẹ̀ díẹ̀ láti dúró lé, mo sì gbà fún un. Títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ Ìbàdàn ni Ìkẹjà àti Agége wà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ṣètò ilẹ̀ ilé iṣẹ́ Ìkẹjà, níbi tí Dunlop, Guinness àti Nigerian Textile Mills wá fìdí kalẹ̀ sí. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà, ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo déètì. Nígbà tí Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní oṣù kọkànlá 1968, ó ti lé ní ọdún kan tí Ìkẹjà ti kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Owó orí tí ará Akánrán, abúlé Àgbẹ́kọ̀yà lágbègbè Ìbàdàn, torí rẹ̀ yọ àdá kì í ṣe èyí tí ará Agége ń san. Ohun tó ń dun ará Agége ni pé owó oṣù tí wọ́n yanjú lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò 1964 ṣì ni ọ̀pọ̀ ń gbà, nígbà tí ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ìgbìmọ̀ Simeon Adébọ̀ lórí owó oṣù ní kí wọ́n fi owó ìrànwọ́ kún un. Ìjọba gbà, ṣùgbọ́n àwọn agbanisíṣẹ́ ní àwọn tó ti fi owó kún owó oṣù láti 1964 kò gbọdọ̀ san án, ìjọba sì fẹ́ gbà fún wọn. Ibẹ̀ ni iná ti ràn.

Ìjà ẹrù àti ìjà àga

Mo fẹ́ fa ìlà kan níbí, nítorí òun ni gbogbo àríyànjiyàn yìí dúró lé. Ìjà kan wà tí ènìyàn ń jà pé kí wọ́n sọ ẹrù kan kalẹ̀ lórí òun. Òmíràn wà tí ènìyàn ń jà pé kí ẹni tó wà lórí àga dìde, kí òun jókòó. Mo pe ti àkọ́kọ́ ní ìjà ẹrù, mo pe ìkejì ní ìjà àga. Kì í ṣe bí ìbọn ṣe dún tó ló ya wọ́n sọ́tọ̀, kì í sì í ṣe iye ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀. Ohun tó lè parí ìjà náà ló yà wọ́n.

Ìjà ẹrù ní iye. Àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn sọ iye tiwọn síta: òkè mẹ́fà, ìyẹn 30 ṣílè, kò sí ohun tó lè mú wọn san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni gẹ̀rílà tó ń bá ìjọba dúnàá-dúrà báyìí? Cabral kò sọ fún Potogí pé iye báyìí ni kí wọ́n gbà kí wọ́n má baà lọ. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ kọmíṣánnà ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, wọ oko lọ bá Tàfá Adéoyè, aṣáájú Àgbẹ́kọ̀yà, ní oṣù kẹwàá 1969, ohun tí wọ́n jọ sọ ni owó orí àti àwọn òṣìṣẹ́ kánsù. Ìjọba sọ owó orí di £2, tó ṣì ju 30 ṣílè tí àwọn àgbẹ̀ fẹ́ san lọ. Wọ́n gbà á, wọ́n padà sídìí kòkó wọn.

Ẹ tún wo ibi tí ìjà náà dojú kọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1969, àwọn àgbẹ̀ já wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 400 sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ ohun tó yí Agodi ká. Sẹkitéríàtì ìjọba wà nítòsí, ilé gómìnà kò jìnnà. Àwọn ènìyàn tó ní ìbọn ṣakabùlà, àdá àti oògùn lára, tí wọ́n ti borí àwọn wọ́dà, dúró sí ìtòsí àga tí Gómìnà Adéyínká Adébáyọ̀ ń jókòó lé. Wọn kò lọ síbẹ̀. Àwọn ènìyàn wọn tí wọ́n tì mọ́lé nítorí owó orí ni wọ́n wá kó, wọ́n kó wọn, wọ́n sì yí padà sí oko. Mi ò mọ ẹ̀rí tó lágbára ju èyí lọ. Ẹni tó bá pè wọ́n ní gẹ̀rílà Marx gbọ́dọ̀ sọ fún wa ìdí tí wọ́n fi fi ẹ̀yìn sí ilé ìjọba.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìjà ẹrù jẹ́ ìjà kékeré. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù keje 1969, wọ́n pa Ṣọ̀ún, Ọba Olájídé Ọláyọ̀dé. Ní Màpó n'Íbàdàn lọ́jọ́ 26 oṣù kọkànlá 1968, ìbọn ìjọba pa àwọn àgbẹ̀. Òkú sùn lọ́tùn-ún lósì, kò sì yẹ kí ìfẹ́ tí a ní sí àwọn tálákà mú wa bo ti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe pé ẹnì kan fẹ́ jẹ oyè Ṣọ̀ún. Ìbínú lórí owó orí ló dé bá ẹni tí wọ́n gbà pé ó wà lẹ́yìn agbowó-orí.

Alátakò mi lè bi mí pé: ṣé ìjà ẹrù kò lè di ìjà àga ni? Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Pijiguiti fi hàn wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn nìkan ló ń sọ ọ́ dà, nítorí ìbọn dún ní Màpó náà. Ohun tó wà ní Bissau tí kò sí ní Ìbàdàn ni ẹgbẹ́ tó ti ń dúró de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tó ní ètò lórí ìwé, tó sì ní orílẹ̀-èdè aládùúgbò tó gbà wọ́n sílé, ìyẹn Guinea ti Sékou Touré. Nílẹ̀ tiwa, àwọn tó sún mọ́ ìjà àga jù ni àwọn Zikist, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà fún òmìnira. Ní 1948 ni Osita Agwuna ka ìwé tó pe ìlú sí ìyípadà ní Èkó. Nígbà tó di 1950, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ní ìfẹ́ àga, wọn kò ní abúlé.

Ìkẹjà 1971 wọ inú ìlà yìí láìsí wàhálà. Dìkírì 53 ti 1969 ti sọ ìyanṣẹ́lódì di ẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n lòun ń wá. Wọ́n dá a sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kóra jọ sí ẹnu géètì, ọlọ́pàá dé, ibòmíràn gbóná ju ibòmíràn lọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé owó Adébọ̀ yóò wọlé, ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Àwọn olórí

Àgbẹ̀ ni Tàfá Adéoyè, àgbẹ̀ ni Fọlárìn Ìdòwú. Abúlé ló fà wọ́n kalẹ̀. Ẹni tí abúlé mọ̀ sí akíkanjú tí kì í gba rìbá ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Àwọn ọmọlẹ́yìn Marx wà nígbà náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn kò sí. Ẹgbẹ́ òṣèlú SWAFP ti Túnjí Ọ̀tẹ́gbẹ̀yẹ́ wà láti 1963 kí ológun tó fòfin de àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ní 1966. Wahab Goodluck wà ní àjọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NTUC. Ọlá Òní ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó pàṣẹ fún Akánrán. Ní Ìkẹjà pàápàá, ẹgbẹ́ kéékèèké inú ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn aṣáájú tó wà lókè ni ó ń sáré tẹ̀ lé wọn.

Ibi tí àṣìṣe náà ti wá hàn gbangba ni ìtòtẹ̀léra àkókò. Lẹ́yìn tí Àgbẹ́kọ̀yà ti parí ni Edwin Madunagu, Bíọ́dún Jéyífò àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ sí agbègbè Òde-Òmù, láàárín àwọn ọdún 1970, láti bá àwọn àgbẹ̀ gbé kí wọ́n sì múra sílẹ̀ fún ìyípadà. Ogun kankan kò ti ibẹ̀ bẹ́. Àwọn ọmọlẹ́yìn Marx ló lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àgbẹ̀, alátakò mi wá sọ akẹ́kọ̀ọ́ di olùkọ́.

Mo mọ̀ pé ìwé àti àkọsílẹ̀ tuntun lè jáde lọ́la. Bí nǹkan ṣe rí báyìí, ohun tó tọ́ láti sọ ni pé ó ṣòro láti rí ogun gẹ̀rílà kankan ní Ìkẹjà, ó sì jọ pé kò sí rárá.

Ibi tí iṣẹ́ kù sí

Ìbéèrè tó yẹ ká máa bèèrè ni bí ènìyàn tí kò ní ìfowópamọ́ ṣe lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí òfin sọ pé ẹ̀wọ̀n ni. Adrian Peace, tó gbé pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ Agége nígbà náà, tó sì tẹ ìwé lórí wọn ní 1979, ti fi ọ̀nà hàn wá: ó kọ̀ láti gbà pé ọlọ́lá láàárín tálákà ni òṣìṣẹ́ Èkó. Ó ní àwọn oníṣòwò kéékèèké àti onílé ń wo òṣìṣẹ́ bí ẹni tó ń jà fún àwọn náà, nítorí owó òṣìṣẹ́ ló ń yí ní ọjà wọn. Èmi fẹ́ tẹ̀ lé ọ̀nà yìí síwájú. Ìyá olóúnjẹ tó ń bu ẹ̀wà fún wọn ní àwìn lẹ́nu géètì, tó mọ ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń sanwó, tó sì mọ ẹni tó jẹ òun ní gbèsè láìkọ ọ́ sílẹ̀, báwo ló ṣe ṣe é lọ́jọ́ tí owó kò wọlé? Onílé tó ní ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra wọn, ṣé ó gba owó ilé lóṣù náà, àbí ó yọ̀ǹda?

Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ àwọn ilé náà sí ní ìtàn tirẹ̀. Oko kòkó ni Agége kó tó di ibùgbé òṣìṣẹ́. Ní 1907 ni J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ ńlá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀, lágbàṣe sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá wọn ṣiṣẹ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé ilẹ̀ àti rìsíìtì owó ilé lọ́wọ́ àwọn ìdílé ní Ìfakọ̀ àti ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìjú, kí n lè mọ bí oko lágbàṣe ṣe di yàrá òṣìṣẹ́, àti ẹni tó ń gba owó rẹ̀ ní oṣù kìíní 1971.